Nínú Great Expectations, ọjọ́ wo gan-an ni ojú Pip là?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. London la wà, ọmọ mi obìnrin wà ní Year 10, ìwé Great Expectations ti Charles Dickens wà lára èyí tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò GCSE wọn. Tíṣà ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìgbà wo gan-an ni Pip, ọmọ tí ìtàn yẹn dá lé lórí, kúrò ní ọmọdé tí ò mọ ibi. Ọmọ mi ní ọjọ́ tó jí oúnjẹ nínú ilé ni. Bàbá rẹ̀ ní rárá o, ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ yẹn wá bá a ní London, tó ní òun lòun ń rán owó sí i látọjọ́ yìí, ni. Láti ọjọ́ Sunday ni wọ́n ti ń fà á, ìrẹsì mi jóná sí i. Èmi náà kà á ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn lọ́hùn-ún, àmọ́ kò sóhun tí mo rántí ju ìyá tó wọ aṣọ ìyàwó jókòó sílé lọ. Ta ló jàre nínú wọn? Ẹ má sọ fún mi pé àwọn méjèèjì ló jàre o, torí mo mọ̀ yín.

* * *

Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ṣé ẹ rí i, mi ò sọ ohun tẹ́ ẹ ní kí n má sọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ fún àwọn tí ò kà á rí, kí wọ́n lè bá wa dá sí i. Pip, ọmọ òrukàn ni. Philip Pirrip lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò lè pè é tán ní kékeré ló fi ń pe ara rẹ̀ ní Pip. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́ ọ, tòun ti pàṣán, ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí sì ni Joe Gargery, alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin gìrìwò tí ò lè pa eṣinṣin. Abúlé kan létí àbàtà ní Kent ni wọ́n ń gbé, níbi tí odò Thames ti fẹ́ wọnú òkun, àwọn ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí ìjọba sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n sì wà lórí omi níwájú wọn níbẹ̀. Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Kérésì, Pip tó bí ọmọ ọdún méje, ó dá wà nídìí sàréè bàbá àti ìyá rẹ̀, ni ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá jáde bá yọ láàárín sàréè, ó gbá a mú, ó gbé e dorí kodò, ó ní kó lọ wá oúnjẹ wá fóun àti fáìlì tóun máa fi yún ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sun jẹ. Ọmọ ọdún méje! Ó lọ jí i. Ó jí búrẹ́dì, wàràkàṣì, ó jí páì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́jọ́ Kérésì, ó dà nínú ọtí brandy, ó wá fi nǹkan mìíràn kún ìgò náà kí wọ́n má bàa mọ̀, láìmọ̀ pé omi ọ̀dà ni, òògùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń rọ sí i lọ́nà ọ̀fun.

Ó dáa. Ọmọ yín ní ibẹ̀ ni. Mo mọ̀dí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, torí olè ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ yẹn ṣe ń rìn bọ̀ nínú ìkùukùu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo nǹkan ló ń pè é lólè. Àwọn màlúù inú pápá ń wò ó bíi pé wọ́n fẹ́ ké olè lé e lórí, màlúù dúdú kan tí ọrùn rẹ̀ funfun bíi kọ́là pásítọ̀ tiẹ̀ tẹjú mọ́ ọn débi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ màlúù, pé òun kọ́ lòun fẹ́ jẹ ẹ́ o, sà. Ẹni tó ń bẹ màlúù, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ojú rẹ̀ ti là? Ó tún débẹ̀ tán, ó ń wo ọkùnrin yẹn bó ṣe ń bu páì jẹ bí ajá tí ebi ń pa, ó ní "inú mi dùn pé ẹ ń gbádùn ẹ̀". Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn ni. Ìbẹ̀rù ló mú un jí i, àánú ló sì fi gbé e kalẹ̀. Tíṣà tó bá fún ìdáhùn "ọjọ́ tó jalè" ní máàkì gidi, èmi ò bá a jà, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

* * *

Mo rí i pé èrò tó pọ̀ jù lọ nísàlẹ̀ yìí ni pé ọjọ́ tí Estella, ọmọbìnrin kan, bú Pip ni. Bí mẹ́rin nínú yín ló sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé "obìnrin ló máa ń la ọkùnrin lójú", mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ọmọdé làwọn méjèèjì o.

Ẹ ti súnmọ́ ọn, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ lé ò tọ̀nà tán. Orí 8 nínú ìwé yẹn ni. Wọ́n mú Pip lọ sílé Miss Havisham kó máa lọ ṣeré níbẹ̀. Ìyá yẹn, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni ọkọ kọ̀wé pé òun ò wá mọ́, ló bá dá gbogbo aago ilé dúró ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, kò bọ́ aṣọ ìyàwó yẹn mọ́, bàtà kan ń bẹ lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lórí tábìlì, kéèkì ń jẹrà nínú yàrá kejì, aláǹtakùn ń gbénú ẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan tó gbà tọ́, Estella. Ó ní kí Estella àti Pip ta káàdì. Pip pe káàdì kan ní Jack bí wọ́n ṣe ń pè é nílé tiwọn, Estella bá yínmú, ó ní ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń pe knave ní Jack, ẹ tún wo ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe rí págunpàgun, ẹ wo bàtà ẹ̀ bó ṣe nípọn. Nígbà tó máa fún un lóúnjẹ, orí òkúta àgbàlá ló gbé ife bíà sí fún un, ó fún un ní búrẹ́dì àti ẹran láìwojú ẹ̀, bí ẹni tó ń fún ajá tó ṣẹ̀.

Ó dunni, àbí? Pip lọ sẹ́yìn géètì, ó sunkún, ó ń ta ògiri nípàá, ó ń fa irun orí ara ẹ̀. Dickens wá sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo máa ń rántí tí mo bá ń bá àwọn ọmọ mi wí: pé nínú ayé kékeré tí àwọn ọmọdé ń gbé, kò sóhun tí wọ́n tètè ń mọ̀ lára tó ìrẹ́jẹ.

Ṣùgbọ́n èébú Estella kọ́ lèmi ń wí. Ìyà lèyí. Ìyà ò sì ní kí ọmọdé má ṣe ọmọdé mọ́, ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń nà án láti jòjòló. Èyí tí mò ń wí ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò ó. Ó ní ọwọ́ yìí ò yọ òun lẹ́nu rí, ó ti ń yọ òun lẹ́nu báyìí. Lẹ́yìn náà ló wá ronú pé ṣebí Joe ló kọ́ òun láti máa pe káàdì yẹn ní Jack, pé ká ní wọ́n tọ́ Joe bí ọmọ gidi ni, òun náà ì bá rí bí ọmọ gidi. Ẹ tún un kà. Joe nìkan lẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ láyé, òun ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi nínú ọkàn ẹ̀. Ibẹ̀ ni, kò ju bíi ìlà mẹ́ta lọ, ẹni tó bá ń kánjú ò ní rí i.

* * *

Ẹnì kan ní kí n má da Yorùbá rú, pé kí ni mò ń pè ní ojú là.

Ó da, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà wọn lò, innocence lédè Gẹ̀ẹ́sì, ò bọ́ sójú kan lẹ́nu wa. Tẹ́ ẹ bá ní àìlẹ́ṣẹ̀ ló túmọ̀ sí, á jẹ́ pé ọmọ yìí ló jàre, ọjọ́ tó jalè ló dẹ́ṣẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní àìmọ̀kan ni, bàbá ọmọ jàre nìyẹn, torí ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n padà dé ni Pip ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí owó ń gbà wọlé. Èmi mú ojú lílà torí òun ló ṣe bí ohun tí Dickens ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní ojú ẹnì kan ti là, ìyìn ni, wọ́n ní ó ti mọ ọ̀nà Èkó, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́. Ohun tí wọ́n sì ń sọ fún Pip náà nìyẹn jálẹ̀ ìwé yẹn, pé ó ti ń di ọ̀làjú. Lọ́yà tó ń jẹ́ Jaggers dé lọ́jọ́ kan, ó ní olówó kan tí ò fẹ́ ká mọ orúkọ òun fẹ́ sọ Pip di ọmọlúwàbí ìlú ńlá, Pip kó aṣọ tuntun wọ̀, ó wọ ọkọ̀ ẹṣin, ó di London. Ó rò pé Miss Havisham ló ń ṣe é. Gbogbo abúlé ń kí i kú oríire. Bí ojú yẹn ṣe ń là sí i ni kò rí Joe mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan. Ọmọ náà rí Pip tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láàárín ìgboro nínú aṣọ tuntun, ó fi àpò aláwọ̀ búlúù kọ́ èjìká bíi kóòtù, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń na ọwọ́ kúrò bí ọ̀gá, ó ń pariwo pé "Mi ò mọ̀ ọ́n o! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!" Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Pip ti dà, kó lọ bi ọmọ télọ̀.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun ìtìjú ni kéèyàn jẹ́ alágbẹ̀dẹ ni? Nílé tiwa, alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi, wọ́n ń fi ẹmu àti àkùkọ bọ Ògún níwájú ewìrì, ọba gan-an ń ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn yẹn ò yé mi látìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ."

Ó yẹ kó má yé yín lóòótọ́. Ẹni tó bá ti ìdílé alágbẹ̀dẹ wá á bínú sí Pip ju bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bínú sí i lọ. Ṣùgbọ́n nínú abúlé yẹn náà, kò sẹ́ni tó ń fojú yẹpẹrẹ wo Joe o! Irin ni gbogbo wọn ń gbé wá bá a, ìjọba gan-an ń gbé irin wá bá a, lọ́jọ́ Kérésì yẹn táwọn sójà ń wá ẹlẹ́wọ̀n, ẹnu ọ̀nà Joe ni wọ́n gbé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó bà jẹ́ wá pé kó bá àwọn ṣe é. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ọkùnrin náà. Kí Pip má bàa jìyà, ọkùnrin náà sọ lójú gbogbo wọn pé òun lòun jí páì nílé alágbẹ̀dẹ. Joe dáhùn pé Ọlọ́run mọ̀ pé ó kí ọ káàbọ̀ sí i, a ò mọ ohun tó o ṣe, àmọ́ a ò ní fẹ́ kí ebi pa ọ́ kú nítorí ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n mì nǹkan lọ́nà ọ̀fun kló, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ibo wá ni ìtìjú yẹn ti wá? Ilé kan ṣoṣo péré. Ilé Miss Havisham. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré sì ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pànẹ́ẹ̀lì bítà ni bàbá mi. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi lọ, a ń sùn níbẹ̀ ni, àwọn ọmọ olówó pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́, bàbá mi gba ṣọ́ọ̀bù wá tààrà torí kí wọ́n má bàa pẹ́, aṣọ iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn wọn, àpò irinṣẹ́ wà lọ́wọ́. Géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ti wọ́ tipẹ́, ó máa ń ha ilẹ̀ gììì. Bí wọ́n ṣe ń dúró dè mí, wọn ò lè wo irin tó wọ́ kí wọ́n gbójú kúrò, wọ́n yọ òòlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ gbà, gbà, gbà. Mo mọ bí bàbá mi ṣe ń lu irin, mo lè mọ̀ ọ́n lójú oorun. Ọmọ kan ní fèrèsé ní "ta ló ni bàbá yìí?" Mi ò parọ́. Mi ò sọ pé dírẹ́bà wa ni. Mo kàn dákẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí tí ariwo náà fi tán, tí èrò túká, kí n tó jáde lọ kí wọn.

Wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àbẹ̀wò kejì, agbádá léèsì tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n jókòó sétí àga, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n ń bi mí pé ṣé àwọn ò dí mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 12 ni mí o! Bàbá mi ń bi mí pé ṣé àwọn ò dí mi lọ́wọ́.

Orí 27 nìyẹn gẹ́lẹ́. Joe wá kí Pip ní London nínú aṣọ Sunday tó fún un lọ́rùn, kò mọ ibi tó máa gbé fìlà sí, ó gbé e sórí igun ibi ìdáná, fìlà ń já bọ́ ó ń sáré mú un, ó ń já bọ́ ó ń sáré mú un, ó ń pe ọmọ tó gbé jó ní "sà", Pip ń bínú sí fìlà. Kí Joe tó lọ ló wá sọ pé aṣọ yìí ò bá òun mu, pé tí Pip bá rántí òun nínú aṣọ àgbẹ̀dẹ, tòun ti òòlù lọ́wọ́, kò ní rí àléébù tó pọ̀ tó báyìí lára òun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní láti pa ìwé dé.

* * *

Àwọn kan ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Dickens fúnra ẹ̀, pé ìgbésí ayé ara ẹ̀ ló kọ. Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 1812 ni wọ́n bí i. Ní 1824, wọ́n ti bàbá ẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní London nítorí gbèsè, wọ́n fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12 síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe pólíìṣì bàtà létí odò Thames, ó ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò pólíìṣì látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń san ṣílè mẹ́fà fún un lọ́sẹ̀. Èyí tó pa á lára jù ni pé nígbà tí bàbá jáde lẹ́wọ̀n, ìyá ẹ̀ ṣì fẹ́ kó padà síbi iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun ò gbàgbé ẹ̀ rí, òun ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ John Forster ló sọ ọ́ fún, ẹ̀yìn tí Dickens kú ní 1870 ni Forster tó gbé e jáde fáráyé. Ẹni tó lókìkí tó yẹn, tó ń fi ọwọ́ tó lẹ bébà mọ́ ìkòkò pa mọ́!

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká fi ìyẹn tú gbogbo ẹ̀. Dickens jẹ́ ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Pip jẹ́ ọmọ tó fìyà jẹ ẹlòmíì, ó sì mọ̀. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Láti orí kejì, ẹ̀gbọ́n Pip ń yangàn pé òun fi ọwọ́ tọ́ ọmọ yìí ni. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò rí ọmú mu, oúnjẹ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n Pip rò pé torí pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun wúwo létí òun ni wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé nìyẹn! Estella bú ọwọ́ ẹ̀. Jaggers lọ́yà ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ti bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀ tán. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹlẹ́wọ̀n nà sí Pip nígbà tó padà dé, Pip ò fẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Nígbà tí aṣọ ìyàwó Miss Havisham gbaná, ọwọ́ Pip ló jó. Wọ́n ti ń tẹ ìtàn yẹn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí Dickens fúnra ẹ̀ ń ṣe, láti December 1860 di August 1861, òǹkàwé lè gbàgbé ohun tó kà lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, òun ò gbàgbé ọwọ́.

* * *

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ọmọ ló ní ìgbà èwe tó máa sọ nù. Estella ńkọ́? Ẹlẹ́wọ̀n yẹn ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí dá mi dúró fún bí ọjọ́ méjì, mi ò purọ́. Ẹni tó bi í jàre mi.

Magwitch lorúkọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn. Orí 42 ló ti sọ ìtàn ara ẹ̀. Ó ní ibi tóun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun wà láyé ni Essex, níbi tóun ti ń jí túnípù jẹ kí ebi má bàa pa òun. Ẹnì kan ti sá fi í sílẹ̀, ọkùnrin tó ń tún ìkòkò ṣe kiri, ó sì gbé iná lọ, ó fi ọmọ sílẹ̀ nínú òtútù. Ẹ wò ó, ìrántí àkọ́kọ́ tí ọmọ ní nípa ayé ni pé wọ́n gbé iná lọ. Ó ní bóun ṣe mọ̀ pé ológoṣẹ́ ni wọ́n ń pe ológoṣẹ́ náà lòun ṣe mọ̀ pé òun ń jẹ́ Abel Magwitch. Kò sí Joe kankan níbẹ̀. Wọnú ẹ̀wọ̀n, jáde lẹ́wọ̀n, wọnú ẹ̀wọ̀n. Níbo ni ojú tiẹ̀ ti fẹ́ là? Bí wọ́n ṣe bí i ló là.

Estella wá ńkọ́. Ọmọ Magwitch gan-an ni, Estella fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Jaggers ló gbà á lọ́wọ́ ìyá tí wọ́n fẹ́ ṣẹjọ́ ìpànìyàn fún, ó ní òun ti rí ọmọ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ tó ń tọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n àti okùn lọ, kóun gba ọ̀kan péré là nínú òkìtì yẹn. Ó gbà á là, ó gbé e fún Miss Havisham! Ìyá yẹn náà ní òun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ irú ìbànújẹ́ tó bá òun ni, ó wá kọ́ ọ láti máa fọ́ ọkàn àwọn ọkùnrin, ó fi ń gbẹ̀san ohun tí ọkọ tó já a sílẹ̀ ṣe fún un. Nígbà tó dàgbà tí ìyá ń sunkún pé kò fẹ́ràn òun, Estella dá a lóhùn láìgbé ohùn sókè pé ohun tẹ́ ẹ fi mí ṣe ni mo jẹ́. Miss Havisham fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún Pip ní orí 49: mo jí ọkàn rẹ̀ kúrò, mo fi yìnyín sípò ẹ̀.

Nítorí náà mo gbà. Kò sóhun tí Estella àti Magwitch sọ nù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ní i. Pip lẹni tó ní i. Joe fún un. Mo rò pé ìdí tí ojú fi ń tì í jálẹ̀ ìwé nìyẹn, torí òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sílẹ̀. Ẹ rántí pé àgbàlagbà ni Pip tó ń sọ ìtàn yìí fún wa o, ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára ẹ̀. Orí 14, gbólóhùn àkọ́kọ́: ohun tó burú jáì ni kí ilé ẹni máa tini lójú.

* * *

Ẹni tó bèèrè ti padà wá: "Bàbá ọmọ ka gbogbo èyí. Wọ́n ní ẹ ò tíì dáhùn tiwọn."

Ẹ bá mi kí wọn. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Orí 39. Òjò ń rọ̀, ìjì ń jà, Pip ti pé ọdún 23, Magwitch gòkè wá. Wọ́n ti kó o lọ sí Australia, ó sin àgùntàn níbẹ̀, ó lówó, gbogbo owó yẹn ló ń rán sí ọmọ tó fún un ní páì. Tí wọ́n bá rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n á so ó kọ́, ó wá síbẹ̀síbẹ̀, torí kó lè fojú ara ẹ̀ rí ọ̀tọ̀kùlú tóun dá. Kì í ṣe Miss Havisham ló ń rán owó, wọn ò sì tọ́jú Estella dè é. Gbogbo ilé tó kọ́ sórí ìyẹn wó. Bàbá ọmọ ní ibẹ̀ ni ojú là.

Wò ó, sà, àlá ló wó lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún 23 tó ti jẹ gbèsè káàkiri London, ẹ fẹ́ kí n máa pè é lọ́mọdé? Kí n tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, mo rò pé ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó kọ́kọ́ kórìíra ọkùnrin yẹn bí ẹni rí ejò. Nígbà tó fi máa di pé Magwitch fara gbọgbẹ́, tí wọ́n mú un, tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, Pip ń di ọwọ́ ẹ̀ mú ní kóòtù lójú gbogbo ayé. Ọwọ́ ọ̀hún náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìparí ìwé, tí ẹnì kan bi mí, pé ṣé òun àti Estella fẹ́ra: èyí tí Dickens kọ́kọ́ kọ, wọ́n kàn pàdé ní London wọ́n kíra wọn ni, Estella ti fẹ́ dókítà kan. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Bulwer-Lytton tóun náà ń kọ̀wé ló ní kó yí i padà. Èyí àkọ́kọ́ lèmi fara mọ́, ẹ má bá mi jà lórí ìyẹn lónìí.

* * *

"Ọmọ mi ní òun ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ páì lòun ṣì máa kọ. Ó ní ẹ sọ fóun orí kan tóun máa kà tí òun bá fẹ́ bá yín jiyàn."

Kó kọ páì ẹ̀, kò sóhun tó burú, kó ṣáà má gbàgbé màlúù yẹn. Tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó ka orí 57.

Magwitch ti kú, ìjọba ti gba gbogbo owó ẹ̀. Àìsàn dá Pip gúnlẹ̀ ní London, ibà ń mú un débi tí kò fi mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tójú ẹ̀ wálẹ̀, Joe ló jókòó tì í. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń fún un lómi, ó ń tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe. Joe tí ò mọ̀wé ti kọ́ ìwé kíkọ lọ́dọ̀ Biddy, ọmọbìnrin kan lábúlé wọn, ó jókòó sídìí tábìlì Pip ó ń kọ lẹ́tà sílé, ó ká apá aṣọ sókè bí ẹni fẹ́ gbé irin ńlá. Ó ń pe Pip ní "Pip, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́" bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ ẹṣin wá kó lọ gba atẹ́gùn, Joe gbé e mọ́ra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, Pip sì ní òun rí bí ọmọ ọwọ́ gan-an lára òun.

Ọmọ yín lè fi ìyẹn mú mi, kó ní ṣé ẹ rí i pé kò sọ nù, ó ṣì wà níbẹ̀. Kó wá kà á síwájú díẹ̀ sí i.

Bí ara Pip ṣe ń yá sí i ni Joe ń sún mọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ó pè é ní Pip, ó tún ní "sà". Ọjọ́ kejì "sà" náà pọ̀ sí i. Pip rí i pé bóun bá ṣe ń lè dá rìn ni ọwọ́ Joe ń tú kúrò lára òun, ó sì mọ̀ pé òun lòun kọ́ Joe bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Monday lòun máa sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn òun fún un. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá Joe, Joe ò sí níbẹ̀, àpótí ẹ̀ náà ò sí níbẹ̀. Lẹ́tà kékeré kan ló bá lórí tábìlì oúnjẹ, pé ara rẹ ti yá, Pip, mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Rìsíìtì kan wà nínú ẹ̀. Gbèsè tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ mú Pip, lé ní £123, Joe ti san án.

Ìgbà tó di bí ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, mo bi bàbá mi ṣé wọ́n rántí géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní hínjì ìsàlẹ̀ ni ò dáa, àwọn ì bá ti yọ ọ́ tán ká ní àwọn rí sípánà 14.